Ilẹ̀ Tí Iná Jó, Tí Màlúù Tẹ̀: Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Ní Òkè-Ògùn

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn lọ sí Ṣakí nínú oṣù Kejì, ọwọ́ ọ̀tún dúdú, ọwọ́ òsì dúdú. Pápá ti jó. Igi òrí àti igi irú ló kù lórí ìdúró, ewé ìsàlẹ̀ wọn sì ti gbẹ níbi tí iná lá wọn dé. Ẹni tó ti Èkó wá á máa mi orí pé àwọn ará oko ti ba ilẹ̀ jẹ́. Àgbẹ̀ tó jókòó tì í nínú mọ́tò kò ní bá a jiyàn, nítorí ó mọ̀ pé ibi tó dúdú yẹn gan-an ni koríko tútù yóò ti kọ́kọ́ yọ, kódà kí òjò tó dé. Èmi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. A máa ń bi ara wa pé ṣé iná dára àbí kò dára, ṣé màlúù ń ba ilẹ̀ jẹ́ àbí kò bà á jẹ́. Ìgbà tí mo ti ń dáko níbẹ̀ ti pẹ́ tó kí n mọ̀ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í bí ìdáhùn gidi. Ìgbà wo ni iná jó? Ìgbà wo ni màlúù wọlé, ìgbà wo ló sì jáde? Kí ló bo ilẹ̀ lọ́jọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò já lulẹ̀? Ohun tó yẹ ká máa bèèrè nìyẹn.

Tíṣà ni mí. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama, mo sì ń gbin iṣu, àgbàdo àti ọkà bàbà lápá ibi tí ọ̀nà ti ń lọ sí Sẹ́pẹ̀tẹ̀rí. Gáà Fúlàní kan wà lẹ́yìn odò tó pààlà oko mi. Àwọn ọdẹ náà ń gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà, gbogbo àwọn tó ń fi iná tàbí màlúù wọ pápá ni mo mọ̀ lójú, tí mo sì ń kí láàárọ̀.

Oríṣìíríṣìí ọwọ́ ló ń dáná sí pápá wa. Ọdẹ ń dá a kí ọ̀yà lè jáde. Darandaran ń dá a kí koríko gbígbẹ lè kúrò, kí tútù lè yọ fún màlúù rẹ̀ nígbà tí kò sí nǹkan jíjẹ mọ́. Àgbẹ̀ ń dá a láti ṣí ilẹ̀, ẹni tó ń wa oyin ń fi ètùfù lé oyin, ẹlòmíràn sì wà tó kàn ju ìdí sìgá sílẹ̀. Àwọn baba wa ní bí pápá bá jó, màjàlà á sọ fún ará ilé. Ó sọ lóòótọ́, àmọ́ màjàlà kì í sọ ẹni tó ṣáná. Mo bá bàbá ọdẹ kan sọ̀rọ̀ nígbà kan pé kí wọ́n dín iná oṣù Kẹta kù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Tíṣà, tí n kò bá dáná, ṣé o fẹ́ kí n fi fèrè pe ọ̀yà jáde ni?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí iná ń jó lágbàáyé lọ́dọọdún, ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ ti Áfíríkà, ilẹ̀ ọ̀dàn sì ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn koríko wa ti bá iná gbé láti ìgbà láéláé.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu. Tí iná bá ti kọjá, tí eérú ti tutù díẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n fi ọkọ́ họ ilẹ̀, kí wọ́n sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n á rò pé yóò jó wọn. Kò ní jó wọn. Lókè, níbi tí iná ti ń jẹ koríko, ooru lè kọjá 300 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, àmọ́ tí èèyàn bá ti gbẹ́ ilẹ̀ tó ìbú ìka méjì, bóyá ni yóò fi mọ̀ pé iná kankan kọjá. Iná koríko ń sáré, kì í dúró síbi kan, bẹ́ẹ̀ ni erùpẹ̀ kì í tètè gba ooru. Gbòǹgbò wà láàyè, ikán wà nínú ilé rẹ̀, ọ̀pọ̀ èso koríko tó ti wọ abẹ́ ilẹ̀ ṣì lè hù.

Ẹ má ṣe fi ìyẹn wé ibi tí àgbẹ̀ kó gẹdú jọ sí, tó wá dáná sun ún. Iná ibẹ̀ lè jó mọ́jú. Erùpẹ̀ ibẹ̀ máa ń pọ́n, á le, á dà bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun tán, a sì máa ń rí i pé àgbàdo ojú ibẹ̀ kì í ṣe dáadáa bọ̀rọ̀. Àwọn kan rí èyí, wọ́n ní iná ń pa ilẹ̀. Iná igi ni wọ́n rí, kì í ṣe iná koríko.

Bí ooru kò bá wọlẹ̀, ibo ni ìpalára ti ń wá? Apá kan oúnjẹ ewéko ń bá èéfín lọ. Náítírójìn tó wà nínú koríko, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni iná ń sọ di afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni imí-ọjọ́. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, pòtáṣíọ̀mù àti kálísíọ̀mù ló máa ń kù sínú eérú. Pòtáṣì yìí náà ni àwọn ìyá wa tó ń se ọṣẹ dúdú ń sẹ́ jáde láti inú eérú. Eérú yìí ń dín kíkan ilẹ̀ kù, ó sì ń fún ewéko ní oúnjẹ kíákíá, ìdí nìyẹn tí iṣu ọdún àkọ́kọ́ fi máa ń ta dáadáa lórí ilẹ̀ tó jó. Àmọ́ eérú ò wúwo. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé e, ọ̀gbàrá ń gbé e. Tí ìdí koríko bá wà tó di ilẹ̀ mú, púpọ̀ nínú rẹ̀ á dúró. Tí kò bá sí, oko ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń jẹ ọ̀rá ilẹ̀ ẹni tó wà lókè, tàbí kí gbogbo rẹ̀ bá odò lọ.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìgbà ti wọlé. Eruwà àti àwọn koríko mìíràn tó ń gbé ọdún dé ọdún gbọ́n jù wá lọ. Bí òjò bá ti ń lọ sílé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fa oúnjẹ inú ewé wọn padà sínú gbòǹgbò. Nígbà tí ewé bá fi máa gbẹ tán, ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Iná tó wá jẹ ewé gbígbẹ yìí nínú oṣù Kọkànlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá kò rí ohun púpọ̀ kó lọ. Ìsàlẹ̀ koríko ṣì ní omi díẹ̀ nígbà náà, ìrì ń sẹ̀ lóru, nítorí náà iná máa ń jẹ ibì kan, á fo ibòmíràn. Pápá á dà bíi pé wọ́n fi àbùlẹ̀ lẹ̀ ẹ́.

Iná oṣù Kejì àti oṣù Kẹta kì í fo nǹkan kan. Gbogbo nǹkan ti gbẹ, afẹ́fẹ́ ti gbóná, ọwọ́ iná ga ju èèyàn lọ. Ó ń pa ọmọ igi, ó ń jó òdòdó igi òrí lórí ẹ̀ka, àwọn obìnrin tó ń ṣa èso òrí sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nígbà tí àsìkò bá tó. Èyí tó wá burú jù fún ilẹ̀ ni pé ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò gbalaja nígbà tí òjò ń kùn bọ̀. Àkọ́rọ̀ òjò wa kì í rọra rọ̀. Ìjì ló máa ń ṣáájú rẹ̀, ẹ̀kán omi rẹ̀ á sì máa lu ilẹ̀ láìsí ewé tó gbà á. Erùpẹ̀ tó kúnná á tú, á dí gbogbo ihò tó yẹ kí omi gbà wọlé, lẹ́yìn náà oòrùn á gbẹ ẹ́, á di èèpá.

A dán èyí wò pẹ̀lú agolo mílíìkì. A gé ìdí agolo kúrò, a tẹ̀ wọ́n bọ ilẹ̀ ní ibi mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà: abẹ́ koríko tí iná kò dé, ibi tí iná oṣù Kọkànlá jẹ tí koríko ti tún hù, àti ibi tí iná oṣù Kẹta jẹ tí màlúù sì ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. A bu omi kan náà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan ń ka aago. Ní ti àkọ́kọ́, omi ti wọlẹ̀ kí ọmọ náà tó kà á jìnnà. Èkejì pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀kẹta, a dúró títí, a lọ jẹ ẹ̀bà wa, a padà wá, omi ṣì wà nínú agolo tó ń wò wá. Ọmọbìnrin kan wá bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá jẹ́ òjò ni, ibo ni yóò gbà?" Mo nawọ́ sí ojú ọ̀gbàrá tó wà níwájú wa. Kò sí ẹ̀kọ́ tí mo lè kọ sára pátákó tó ju ìyẹn lọ.

Nǹkan mìíràn tí a tún ṣe ni pé a mú ìṣù erùpẹ̀ gbígbẹ láti ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a rọra sọ wọ́n sínú abọ́ omi. Ti abẹ́ koríko dúró gbagidi, nítorí pé gbòǹgbò tín-ín-rín àti ìyókù ewé tó ti jẹrà ló so erùpẹ̀ pọ̀. Ti ẹ̀kẹta tú sínú omi lójú wa, ó di ẹrẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbà yìí kì í ṣe tuntun. Ní igbó ọba Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn òṣìṣẹ́ igbó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kan ní 1929. Wọ́n pín ilẹ̀: apá kan, iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń dá sí i lọ́dọọdún, apá kejì, iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, apá kẹta, wọn ò jẹ́ kí iná dé ibẹ̀ rárá. Nígbà tó di nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ibi tí iná kò dé ti di igbó, ibi tí iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ń jẹ sì jẹ́ pápá gbalasa tí igi rẹ̀ kò tó nǹkan. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà ni.

Ní ti ọ̀rá ilẹ̀, àwọn onímọ̀ kan kó àbájáde irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jọ káàkiri ayé, wọ́n sì gbé e jáde ní 2018. Wọ́n rí i pé ní ilẹ̀ ọ̀dàn àti irú àwọn igbó kan, lẹ́yìn ọdún 64 tí iná ti ń jó lemọ́lemọ́, kábọ́ọ̀nù òkè ilẹ̀, ìyẹn èyí tó wà nínú ìyókù ewé àti gbòǹgbò tó ti jẹrà, fi ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ibi tí iná kò dé, náítírójìn sì fi ìdá 38 dín. Ohun tó gbà mí lọ́kàn níbẹ̀ ni iye ọdún yẹn. Àgbẹ̀ tó jó ilẹ̀ lónìí kò ní rí àdánù náà lọ́dún tó ń bọ̀. Iṣu tó dára ni yóò rí. Ọmọ rẹ̀ ni yóò máa sọ pé ilẹ̀ yìí kò ṣe bíi ti ayé bàbá àwọn mọ́.

Ṣé kí a wá pa iná tì pátápátá? Mo ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu àwọn tó ń wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti ìlú ńlá, tí wọ́n á jẹun ọ̀sán, tí wọ́n á sì padà. Ní pápá tiwa, koríko tí iná kò jẹ lọ́dún yìí á dúró, tọdún tó ń bọ̀ á gùn lé e lórí, ẹ̀ka tútù kò ní rí oòrùn, ìdí koríko á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Lọ́jọ́ tí iná bá wá dé, ó sì gbọ́dọ̀ dé, kò sẹ́ni tó máa lè pa á. Irú iná bẹ́ẹ̀ jẹ abà mẹ́ta lágbègbè wa lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí màlúù. Ìjà àgbẹ̀ àti darandaran, òfin ìjọba, ta ló ni ilẹ̀, gbogbo ìyẹn tó ọ̀rọ̀ tó ń da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí mo jókòó kọ lónìí. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Àlájì tó ni gáà ẹ̀yìn odò, Ṣakí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ìgbà kan wà tí a jọ ṣe àdéhùn pé kí màlúù rẹ̀ máa sùn lórí apá kan oko mi nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ń jẹko káàkiri lọ́sàn-án, wọ́n ń wá yàgbẹ́, wọ́n sì ń tọ̀ síbẹ̀ lóru. Àgbàdo tó hù níbẹ̀ lẹ́yìn náà, ewé rẹ̀ dúdú, ìyàwó mi ní àfi bíi pé mo lọ ra ajílẹ̀ láìsọ fún òun. Inú mi dùn. Mo wá ń rò ó pé gbogbo pápá ì bá jẹ́ kí màlúù gba orí rẹ̀ kọjá.

Àlájì fúnra rẹ̀ ló là mí lóye. Ó ní, "Tíṣà, màlúù kì í dá ọ̀rá sílẹ̀ o. Ibi tó ti jẹ ẹ́ ló ti gbé e wá." Òótọ́ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí màlúù jẹ ló ń jáde padà nínú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀, àmọ́ tó bá ń jẹun níhìn-ín tó ń sùn lọ́hùn-ún, ṣe ló ń kó ọrọ̀ pápá lọ sí ojú ibi tó ń sùn. Oko mi jẹ èrè, pápá san owó rẹ̀. Ẹni tó bá wo àyíká gáà tó ti pẹ́ lójú kan yóò rí i: ojú ibi tí màlúù ń sùn lọ́ràá débi pé tẹ̀tẹ̀ ń wú níbẹ̀, pápá tó yí i ká sì ti rù.

Ìrìn màlúù náà ní ìgbà tirẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, pátákò rẹ̀ kì í tẹ ilẹ̀ gbígbẹ wọnú púpọ̀, ó tilẹ̀ ń fọ́ èèpá, ó ń tẹ pòròpórò àti ìgbẹ́ mọ́ erùpẹ̀. Tí òjò bá ti rọ̀, ẹsẹ̀ kan náà á di odó. Òkè ilẹ̀ á kì, gbòǹgbò àgbàdo á dé ibẹ̀, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ekòló tí a ní ó júbà ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó lanu, ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè dá a lóhùn.

Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá màlúù ti jẹ pápá kan jù, mi ò nílò ẹ̀rọ. Mo máa ń wo òṣépòtu. Màlúù kì í fẹ́ fẹnu kàn án, nítorí náà bí eruwà bá ti ń kú, òṣépòtu ni yóò máa gba ipò rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn koríko ọlọ́dún kan tí gbòǹgbò wọn kò jìnnà. Mo tún máa ń wo igi àpá. Tí darandaran bá ti ń gé ẹ̀ka àpá débi tí igi fi ku òpó lásán, ó túmọ̀ sí pé koríko ti tán lábẹ́.

Ohun tí mo bẹ̀rù ju iná lọ, tí mo sì bẹ̀rù ju màlúù lọ, ni kí màlúù tẹ̀ lé iná kíákíá. Koríko tútù tó yọ lẹ́yìn iná, oúnjẹ inú gbòǹgbò ló fi yọ. Ó ná ohun tó fi pamọ́, ó ń retí pé ewé yóò rí oòrùn, kí òun lè dá a padà. Ewé náà dùn, ó ní oúnjẹ tó ń mú ara dàgbà nínú ju koríko gbígbẹ lọ, gbogbo agbo màlúù tó wà nítòsí á sáré lọ síbẹ̀. Wọ́n á jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Á tún yọ, wọ́n á tún jẹ ẹ́. Tí èyí bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún, gbòǹgbò á kú, a ò sì ní mọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí pé orí ilẹ̀ ṣì tutù nígbà òjò pẹ̀lú koríko lásánlàsàn. Nígbà tó bá yá, iná gan-an kò ní rí nǹkan jó mọ́. Àwọn kan á máa dúpẹ́ pé iná ti dín kù, láìmọ̀ pé igi kéékèèké ẹlẹ́gùn-ún àti ewé Akíntọ́lá ló ti gba ilẹ̀, tí kò sì sí ohun tí màlúù lè jẹ níbẹ̀. Mo mọ apá ibì kan tó ti rí bẹ́ẹ̀ láàárín ìgbà tí mo dé agbègbè yìí sí ìsinsìnyí.

Ọ̀nà tí èmi ń gbà ṣe é báyìí kò le. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú oṣù Kọkànlá, a máa kọ́kọ́ gé bẹẹrẹ tí a nílò fún òrùlé abà, torí iná kì í dúró de ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Lẹ́yìn náà, a máa fi ọkọ́ họ ẹ̀bá oko yíká, a máa dúró di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, kí a tó dáná kí ó máa dojú kọ afẹ́fẹ́, kó lè rìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ á dúró pẹ̀lú ẹ̀ka tútù àti kẹ́ẹ̀gì omi. Mi ò jó gbogbo ilẹ̀ tó ń sinmi lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Mo pín in sí mẹ́ta, apá kan lọ́dún. Pòròpórò ọkà bàbà àti ti àgbàdo, mi ò sun ún.

Pòròpórò yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí màlúù fẹ́ràn rẹ̀. Àlájì àti èmi sọ ọ́ títí, a fẹnu kò pé kí àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé lẹ́yìn tí mo bá kórè tán, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún ilẹ̀ nígbà tí màlúù bá ti jẹ tó ìdajì, kí wọ́n sì ti jáde kí òjò kankan tó rọ̀. Ibi tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, wọn kì í wọ̀ ọ́ títí koríko yóò fi ga dé orúnkún. Òun ló dá ìwọ̀n orúnkún yẹn, kì í ṣe èmi. Ó ní bí bàbá òun ṣe ń ṣe é nìyẹn kí ilẹ̀ tó há.

Àdéhùn yìí mú àwọn ọmọ gáà, kò mú àwọn tó ń kọjá láti ọ̀nà jíjìn nínú oṣù Kejì, tí wọn ò mọ Àlájì, tí wọn ò sì mọ̀ mí. Àwọn wọ̀nyẹn ń tẹ̀ lé iná ni, níbikíbi tí koríko tútù bá ti yọ. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Àlájì gbé àga jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà fúnra rẹ̀ láti bá wọn sọ̀rọ̀ ní Fúlàní. Àwọn kan yà lọ. Àwọn kan ò yà. Ní ti bàbá ọdẹ, wọ́n ti gbà láti máa dáná tiwọn kí ọdún tó parí, àmọ́ wọ́n ní tí ọ̀yà bá kọ̀ láti jáde, èmi ni n ó máa san owó ẹran.